Ẹ̀yìn Rédíò Mẹ́rìnlá

Olè tó wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà kò fọwọ́ kan wáyà bàbà. Kò fọwọ́ kan bátìrì, kò tilẹ̀ bojú wo dírìlì tuntun tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀yìn rédíò ló kó lọ, ike lásán tí wọ́n fi ń bo ìdí rédíò. Mẹ́rìnlá.

Mùínátù ka ohun tó kù nínú àpò lẹ́ẹ̀mejì, ó dà á sílẹ̀, ó tún un kà bí olùkọ́ tó kó ọmọ ilé ìwé lọ wo kìnnìún tó wá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wọn ló padà. Ọgbọ̀n ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ló rí. Ó ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ẹ̀ka ẹ̀rọ ní yunifásítì yìí, ní Màídúgùrí, fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti mú olè tó jí jẹnẹrétọ̀. Ó ti mú olè tó yọ ilẹ̀kùn lára ilé tó sì fi aṣọ títa rọ́pò rẹ̀. Ó ti mú ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó pariwo fún ọ̀sẹ̀ méjì pé wọ́n jí àga òun, àga tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé tó sì jókòó lé e lórí láti kọ ìwé ẹ̀sùn. Bí nǹkan bá sọnù nínú ọgbà, òun ni àwọn ọlọ́pàá máa ń wá kí wọ́n tó ṣí ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí ẹ̀yìn rédíò?

Ẹniọlá tó ni iṣẹ́ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú aṣọ kọ́pà rẹ̀, ó di orí mú. Àdúgbò Gamboru níbí ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ta ẹ̀yà ara mọ́tò níbẹ̀ títí ogun fi lé gbogbo wọn padà sí Ìkìrun. Nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìlú tí ìbọn kì í dún, òun kọ lẹ́tà pé Màídúgùrí lòun ń lọ, ìyá rẹ̀ kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ tó gùn ju ìkíni lọ láti ìgbà náà.

Irinṣẹ́ kan ló wá ṣe. Àwọn tí ń ṣa ẹ̀rọ tó ti kú jọ nílùú, òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, iná ni wọ́n sì fi ń yọ wáyà inú rẹ̀. Èéfín á wọ ọmọdé lọ́fun, ohun tó ṣì wúlò á sì jóná. Ẹniọlá wá rọ irin kan láti ara sípíríǹgì mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí o bá fi gbá rédíò mú, tí o tẹ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo eyín tó di ẹ̀yìn rédíò mú á jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pá, láìsán. Ó jọ ẹnu ẹyẹ, ó sì pè é ní Ẹnu-Àkàlà.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọ́n bá gbà á, wọn á rọ ogún irú rẹ̀, ogún obìnrin ní àgọ́ Dalori, àwọn tí ogun lé kúrò lóko wọn, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Ẹniọlá ní ni ọgbọ̀n ẹ̀yìn rédíò tí kò sán. Dókítà Olúgbóyèga, alága ìgbìmọ̀, ti gbọ́ pé mẹ́rìnlá ti dàwátì, ó sì ti kọ ìlà kan ránṣẹ́. Ẹniọlá na ìwé náà sí Mùínátù.

*Bí irinṣẹ́ rẹ kò bá fọ́ wọn, níbo ni wọ́n wà?*

"Àǹtí, ó rò pé mo fọ́ wọn ni mo fi dà wọ́n nù," ni Ẹniọlá wí. "Wọ́n á fagi lé gbogbo rẹ̀ lọ́la. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ìyá yẹn?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Bàbá Ládélé mi orí. Ó ti tún rédíò ṣe ní àdúgbò Gomari fún ogójì ọdún, Ẹniọlá ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Rédíò tirẹ̀ wà lábíyá rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ gbà á níbàdí, bí i ti gbogbo bàbá àgbà tó wà nílùú náà. Ó ní kí Ọlọ́run bá wọn wá a.

* * *

Sájẹ́ńtì Àmúsà, ọlọ́pàá inú ọgbà, kò fi àkókò ṣòfò. Kó tó di agogo mọ́kànlá, ó ti mú Modu dé, ọmọ Kànúrí tó ń fi ọmọlanke ṣa ẹ̀rọ tó ti kú kiri àdúgbò. Òun ló ta òkìtì rédíò náà fún Ẹniọlá. Àmúsà ní ó dájú pé ó padà wá jí ohun tó tà kó lè tún un tà.

Ará Ìwó ni Àmúsà. Ó ti lo ọdún méjì ní Màídúgùrí, Hausa rẹ̀ sì parí síbi tí ẹran ti ń di suya. Mùínátù ló ń túmọ̀. Modu bú sẹ́kún ní èdè mẹ́ta, ó pe ìyá rẹ̀, ó pe ìyá Àmúsà, ó ní òun kì í ṣe aṣiwèrè.

"Hajiya, wallahi, bàbà wà níbẹ̀, kí n wá kó ike?" ni Modu wí. "Bí mo bá gbé e délé, ìyàwó mi á lé èmi àti ike jáde."

"Ta ló ń ra irú ike yẹn?" ni Mùínátù bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń rà á. Ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ ẹ́."

Mùínátù ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Àmúsà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rántí pé òun ní ẹ̀rí mìíràn. Ó fa ọ̀rá kan yọ lápò, ó da wẹ́wẹ́ ike aláwọ̀ aró sórí tábìlì. Inú kòtò ìdọ̀tí lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló ti rí i. Ó ní òun kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ o, ọmọ dáadáa ni kọ́pà yìí, ó jọ àbúrò òun obìnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rédíò tó ti fọ́ rèé.

Mùínátù fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to wẹ́wẹ́ náà pọ̀, ó ń kọrin sábẹ́ imú. Ọ̀kan wọ èkejì. Ìdí kan jáde, ó rí roboto. Ọwọ́ ìdìmú kan jáde. Nígbà tó kan èyí tó ṣẹ́kù, ọ̀nà ọ̀fun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ gaga síta.

"Sájẹ́ńtì, rédíò wo ló ní ẹnu tí omi ń gbà jáde?"

Àmúsà tẹ̀ ba. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Kẹ́tùlù àlùwàlá àgọ́ àwọn ọlọ́pàá ni, èyí tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó dìde nàró, ó ṣí ojú ìwé tuntun nínú ìwé rẹ̀, ó sì bi gbogbo ilé pé ta ló fọ́ kẹ́tùlù ìjọba.

* * *

Lọ́sàn-án, Mùínátù gbé àga lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó po tíì, ó dojú kọ òkìtì ẹ̀rọ náà. Òkìtì yẹn kì í jẹ́ kó ronú dáadáa. Màídúgùrí tó ti lọ ló wà níbẹ̀, tí ọmọlanke Modu ń kó dé lápò-lápò. Rédíò aláwọ̀ ewé kan wà lókè tó jọ ti bàbá rẹ̀ ní Gomari, èyí tí gbogbo àdúgbò máa ń pé lé lórí gbọ́ bọ́ọ̀lù, Kànúrí, Hausa, Ìgbò, Yorùbá, tí wọn á jọ bú rẹfirí kan ṣoṣo ní èdè mẹ́rin. Nígbà náà, ẹja yíyan láti Baga, ìlú àwọn apẹja, á kún ọjà débi pé ológbò á máa yan èyí tó wù ú. O lè gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní àṣàbá láti Gomari dé Gamboru láìrí sójà kan, kí o sì bá ọlọ́kadà jiyàn òṣèlú títí o fi dé. Ní báyìí, wọ́n ti fòfin de àṣàbá. Baga ti di orúkọ tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pè.

Ó fi ìka nu ojú, ó sì padà sídìí ọ̀ràn.

Òun ló ń so ẹnu àpò yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo. Bí wọ́n bá kó mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan, àpò náà á fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì sọ fún un. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ti wà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá. Ó ku mẹ́rìnlá. Olè tó ń mú ẹyọ kan lójúmọ́, tí kò mú méjì rí. Irú olè wo ló ní sùúrù báyìí?

Èkejì ni ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ogun ti dé, kò sí ohun tó ń jáde nínú ọgbà tí àwọn sójà kò tú wò. Wọ́n ń tú kúlà oúnjẹ. Wọ́n ń tú báàgì ọ̀gá àgbà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹ̀rọ kọjá, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ sójà tó wà níbẹ̀, kọ́púrà kan, pé kó jẹ́ kí òun wo ìwé náà. Kò sẹ́ni tó gbé ike jáde. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń padà wá. Ládélé, rédíò kan wọlé. Ládélé, rédíò kan jáde. Lójoojúmọ́, ó dọ́gba régé. Kọ́púrà náà ń yin bàbá ọ̀hún. Ó ní bàbá yẹn mọ̀wàáhù, kì í dúró kí wọ́n pàṣẹ fún un. Fúnra rẹ̀ ló ń tú rọ́bà, tó ń ṣí rédíò kí wọ́n wo inú rẹ̀ pé kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀.

Mùínátù dúpẹ́, ó padà. Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde. Ọ̀nà ti dí. Ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé sójà kejì gbé ìbọn lé èjìká. Ó padà lọ bá kọ́púrà.

"Ọmọ mi, nígbà tí o bá ń wo inú rédíò yẹn, níbo ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wà?"

"Ọwọ́ Bàbá ló ń wà. Ó máa ń gbá a mọ́ àyà."

"O ti wò ó rí?"

Kọ́púrà wò ó bí ẹni tí oòrùn ti pa. Kí ló wà lára ẹ̀yìn rédíò tí èèyàn máa wò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú gbogbo èèyàn ń wá ikú nínú rédíò, olè sì mú ìdérí jáde lójú wọn. Rédíò tó wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú rọ́bà nìkan, láìní ẹ̀yìn, ó ń jáde nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn pupa. Bí kò tilẹ̀ bá a mu, rọ́bà á gbà á mọ́ ọn, nítorí kò sí rédíò àgbàlagbà kan ní Màídúgùrí tí rọ́bà kò so.

* * *

Kẹ̀kẹ́ Maruwa gbé e dé Gomari kí wọ́n tó pe àdúrà ìrọ̀lẹ́. Yàrá kan ni Bàbá Ládélé ń gbé lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn. Mùínátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i, ó wọlé, gbogbo àrífín tó ti tò sẹ́nu láti ìdí kẹ̀kẹ́ sì fò lọ.

Bàbá ti kan gbogbo wọn mọ́ ògiri. Ẹ̀yìn rédíò mẹ́rìnlá, ó yí inú wọn síta, bí ìgbà tí èèyàn gbé fọ́tò àwọn ẹbí rẹ̀ kọ́. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bírò kọ, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó fì sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń sáré.

Bàbá kò sẹ́. Ó ní kó jókòó. Ó ní Ọládùnní ìyàwó òun ló kọ gbogbo rẹ̀. Òun kò mọ̀wé. Ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Ìbàdàn ló sọ fún òun pé kí òun rí i pé wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà àti àìsàn rédíò sínú ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá òun jà. Ọládùnní ló ń jókòó sídìí tábìlì, tó ń kọ ọ́, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dáná sun ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn, iná tó jó ṣọ́ọ̀bù náà ló jó ilé. Ó mú un lọ. Ó mú gbogbo fọ́tò.

"Mùínátù, ọmọ mi, kò sí nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ kàn tó kù sí mi lọ́wọ́," ni Bàbá Ládélé wí. "Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ rédíò, ẹ̀yìn rẹ̀ á di ẹ̀rún. Irin ọmọ yẹn ló ṣí àkọ́kọ́ lódidi. Ó yí i sókè, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé Ọládùnní. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó."

Kí ló dé tí kò béèrè? Nítorí pé ó ti gbọ́ tí Ẹniọlá ń ka ètò rẹ̀ sókè: gbogbo ike ni wọ́n máa lọ̀, tí wọ́n á yọ́ ọ, tí wọ́n á fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó rò pé ti ìjọba ni.

Mùínátù sọ fún un pé wọ́n máa fagi lé iṣẹ́ ọmọ náà lọ́la. Bàbá mọ̀, ó ní òun kò sùn. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé ògiri bí ẹni tó ń dá ilẹ̀kùn dúró. Bí òun bá kó wọn lọ, wọn á lọ̀ wọ́n.

Mùínátù dìde, ó sún mọ́ ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ?"

"Orúkọ oníbàárà ni. Àti àìsàn rédíò."

Mùínátù gbé ojúgò rẹ̀ wọ̀. "'Màlámù Kolo, Gamboru. Rédíò ń hó. Ó ní ọmọ òun ló da ọbẹ̀ sí i. Irọ́ ni. Ọbẹ̀ náà ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ̀.'"

Ẹnu Bàbá là. Ó sún mọ́ ọn. Ó ní ṣé ó kọ ìyẹn lóòótọ́? Mùínátù ní bírò pupa ló tilẹ̀ fi kọ ọ́. Bàbá tọ́ka sí èkejì, ó ní kó ka ìyẹn náà. Mùínátù bọ́ ojúgò, ó fi sápò.

"Ó ku mẹ́tàlá, Bàbá. Iwájú Dókítà ni màá ti kà wọ́n."

* * *

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Dókítà Olúgbóyèga jókòó láàárín àwọn méjì tó wá láti inú ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́, gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmúsà dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹniọlá kò jókòó. Bàbá Ládélé wọlé pẹ̀lú àpò lórí, ó sọ̀ ọ́, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Dókítà gbé àwọn ẹ̀yìn rédíò náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà le. Ó ní ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ti rà wọ́n láti ibòmíràn lóru? Ara rédíò wo ni wọ́n ti yọ wọ́n?

Mùínátù pàápàá, kò ronú kan ìyẹn.

Bàbá Ládélé jókòó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ọgbọ̀n rédíò tí Ẹnu-Àkàlà ti ṣí wá, kí wọ́n sì dà wọ́n pọ̀. Ó di ojú. Ó fi ìka tọ́ etí ẹ̀yìn kan, ó fọwọ́ wá inú òkìtì, ó gbé rédíò kan, ó tẹ̀ ẹ́. Pá. Eyín rẹ̀ wọlé, gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ó gbé èkejì. Pá. Nígbà tó di ìkẹfà, ọ̀kan nínú àwọn aṣèrànwọ́ náà ti ń kà á sókè. Nígbà tó di ìkẹrìnlá, Àmúsà ti ń bá a kà á.

Dókítà gba Ẹnu-Àkàlà lọ́wọ́ Ẹniọlá, ó tún fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀kan, ó yí i sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: "'Hàjíà Falmata, Gomari. Ládélé ní ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló jó. Bátìrì ni wọ́n fi sódì. Mo ti yí i padà, mi ò sọ fún un, inú rẹ̀ á bàjẹ́.'"

Ẹ̀rín gba wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń wo Dókítà, ó ń wo ike, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi gègé fọwọ́ sí ìwé, ó sì tì í sọ́dọ̀ Ẹniọlá. Ó ní kó kí àwọn ìyá Dalori, Mọ́ńdè kò jìnnà.

Àmúsà wúkọ́, ó ní ẹjọ́ olè ṣì wà nílẹ̀ o. Ẹniọlá ti ń sunkún, ó fi apá aṣọ nu imú. Ó ní lọ́wọ́ Modu lòun ti ra òkìtì yẹn, òun lòun ni ín, òun kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó gba gègé Dókítà láìtọrọ, ó wá ibi tí wọ́n kọ pé *lọ gbogbo ike* sí nínú ètò rẹ̀, ó fagi lé e. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn rédíò, kó kọ́kọ́ yí i wò, bí ìwé bá wà níbẹ̀ kó fi sọ́tọ̀. Ó bá fi Ẹnu-Àkàlà ṣí àwọn tó kù, ó da gbogbo mẹ́rìnlá sí itan Bàbá.

Bàbá Ládélé yan ọ̀kan, ó nà án sí Mùínátù. Ó wo ojúgò lápò rẹ̀. Mùínátù gbé e wọ̀.

"'Yagana, Gamboru,'" ni ó kà. "'Kò sí ohun tó ń ṣe rédíò rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo fún un ní tíì.'"

Bàbá fi ìka kan lẹ́tà náà.

"Mo rántí rédíò yẹn," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u, tí mo ń wá àìsàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wò mí."

Ó gba ẹ̀yìn rédíò náà padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó sì na òmíràn.